Àwo Lè Di Ti Gbogbo Ayé, Orin Ṣì Ní Ẹni Tó Ni Ín

Òjòó ni òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó wá sí Ìbàdàn parí sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú níbẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ń pe èrò Mọ́níyà àti èrò Ọ̀yọ́, orin kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ti ẹni tó ń ta fóònù ń dún lápá ọ̀tún, ti ẹni tó ń ta bàtà ń dún lápá òsì, rédíò inú ọkọ̀ ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Lábẹ́ agboòrùn, ọmọkùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa gbé orin sórí fóònù ẹni tó bá sanwó. Orin tó jáde lánàá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, orin jùjú àtijọ́ wà, orin fújì kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè orin Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ní irú ibẹ̀ níláti múra láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tí wọ́n jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì nílùú Ìbàdàn. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1948, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n gbé dàgbà. Orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n ń jẹ́, ayé sì mọ̀ wọ́n sí Lijadu Sisters. Mọ̀lẹ́bí Fela Aníkúlápó Kútì ni wọ́n. Ní òpin àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Decca gbé àwo kékeré wọn, ‘Ìyá Mi Jọ̀wọ́’, jáde, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì lé ní ogún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1972, wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin Salt lọ sí Munich ní Jámánì, wọ́n sì kọrin níbi ayẹyẹ tó bá ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún náà rìn. Ginger Baker, onílù ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó nígbà náà, ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwo ńlá mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan lọ́dọọdún, láti ọ̀dọ̀ Afrodisia tó jẹ́ ẹ̀ka Decca: ‘Danger’ ní 1976, ‘Mother Africa’ ní 1977, ‘Sunshine’ ní 1978, àti ‘Horizon Unlimited’ ní 1979. Biddy Wright, ọ̀gá nínú títa gìtá àti lílo onírúurú ohun èlò orin, ló bá wọn to orin náà. Ní ọdún 1979 kan náà, fíìmù ‘Konkombe’ tí Jeremy Marre ṣe nípa orin Nàìjíríà fi wọ́n hàn nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí a sọ ohun tó wà nínú àwọn àwo náà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ orúkọ wọn kò tíì gbọ́ ohùn wọn. Nínú orin ìbílẹ̀ wa, ẹnìkan ló máa ń lé, àwọn yòókù a sì máa gbè. Nínú orin àwọn ìbejì yìí, ó ṣòro láti mọ ẹni tó ń lé àti ẹni tó ń gbè. Ohùn méjèèjì a jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a rìn pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan a gòkè díẹ̀, èkejì a dúró sí ìsàlẹ̀, wọn a sì tún padà pàdé. Orin rhythm and blues àti soul ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn Aretha Franklin, wọ́n fẹ́ràn Miriam Makeba ti South Africa. Ṣùgbọ́n ìlù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìlù ilé, èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì jọ ń jókòó pọ̀ láìsí ìjà. Nínú àwo ‘Danger’ nìkan, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa olófòófó nínú ‘Amẹ́bọ’, wọ́n káàánú bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ sí i nínú ‘Life's Gone Down Low’, wọ́n sì bá àwọn tó ń sọ ìyà aráàlú di owó wí nínú ‘Cashing In’. Obìnrin méjì tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ líle sí ìjọba ológun kì í ṣe ohun kékeré ní Nàìjíríà ìgbà náà.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ré kọjá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi New York ṣe ilé. Kẹ́hìndé ṣubú níbẹ̀, ó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn, orin kíkọ sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn àwo náà kò dúró. Àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ kiri ń rà wọ́n ní owó gọbọi. Nas, akọrin hip hop, gbé ‘Life's Gone Down Low’ wọ inú orin tirẹ̀. Láàárín ọdún 2011 àti 2012, Knitting Factory Records ti New York tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde. Soul Jazz Records ti London náà kó àṣàyàn orin wọn jọ sínú àwo kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé kú ní New York, ẹni ọdún 71. Ní ọdún 2024, Numero Group ti Chicago tún gbé ‘Horizon Unlimited’ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wo ìlú tí a dárúkọ nínú ìtàn yìí láti ọdún 2011: New York, London, Chicago. Ẹ wo èyí tí a kò dárúkọ.

Ẹnìkan lè sọ pé kò burú, pé bí kò bá sí àwọn àjèjì yìí, orin náà ì bá ti parun. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ẹni tó bá ọmọ ẹni wẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ọpẹ́ kò lè yanjú, ọjọ́ rẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Òfin ni ọ̀rọ̀ náà.

Nínú àwo orin kan ṣoṣo, ohun ìní méjì ló wà. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí ẹnìkan ronú kàn. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú sítúdíò ní ọjọ́ kan pàtó, tí wọ́n wá tẹ̀ sórí àwo. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin ló ni èkíní. Ẹni tó sanwó sítúdíò, tó sábà máa ń jẹ́ ilé iṣẹ́ àwo, ló máa ń ni èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí pé ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ohun ìní méjèèjì dà bí ìbejì: ọjọ́ kan náà ni ayé rí wọn, ṣùgbọ́n òfin kò fún wọn ní iye ọjọ́ orí kan náà.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2022 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ààbò 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e jáde. Ó fún orin tí ènìyàn ṣẹ̀dá ní ààbò títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹni náà kú. Bí ènìyàn méjì bá jọ ṣẹ̀dá rẹ̀, ikú ẹni tó kú gbẹ̀yìn ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ òǹkà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Ọdún 1976 ni ‘Danger’ jáde. Nígbà tí ọdún 2026 bá parí, ààbò tó wà lórí ohùn inú àwo yẹn parí ní Nàìjíríà. ‘Mother Africa’ yóò tẹ̀ lé e ní òpin 2027, ‘Sunshine’ ní òpin 2028, ‘Horizon Unlimited’ ní òpin 2029. ‘Ìyá Mi Jọ̀wọ́’ ti kọjá ààlà yẹn ná. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni lè da àwo náà kọ kí ó sì tà á ní Òjòó, ilé iṣẹ́ àwo kankan kò sì ní lè fi ẹ̀tọ́ ohùn gbígbàsílẹ̀ dá a dúró.

Ibí yìí ni àṣìṣe yóò ti wọlé. Bí ìròyìn bá tàn pé àwo àwọn ọdún 1970 ti di ti gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ yóò rò pé orin inú rẹ̀ náà ti di òfé. Oníṣòwò yóò tẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn yóò fi ṣe ìpolówó. Onífíìmù yóò tẹ́ ẹ sábẹ́ eré rẹ̀. Akọrin tuntun yóò gé e sínú orin tirẹ̀. Gbogbo wọn yóò sọ pé òfin ti tú u sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo ni òfin tú sílẹ̀. Orin tí Táíwò àti Kẹ́hìndé fi orí ara wọn ṣẹ̀dá ṣì jẹ́ ti Táíwò àti àwọn àrólé Kẹ́hìndé, yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta omi tútù ní Òjòó lónìí yóò fi di arúgbó. Bí ẹnìkan yóò bá fi orin náà pa owó, ó níláti gba àṣẹ, ó sì níláti sanwó.

Ohun mìíràn tún wà. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, iye ọdún tí òfin fi ń dáàbò bo ohùn gbígbàsílẹ̀ ju 50 lọ. Nítorí náà, ohùn kan náà lè di òfé ní Ìbàdàn kí ó ṣì máa pa owó ní New York. Àwọn kan yóò ní kí ìjọba àpapọ̀ tètè fi kún ọdún tiwa, kí a lè bá wọn dọ́gba. Àbá yẹn kò ní ṣe olórin láǹfààní tó bí ó ti ń dún létí. Bí a bá fi ogún ọdún kún ààbò ohùn gbígbàsílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ohùn náà ni a fi kún un fún. Ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ti olórin gan-an, ẹ̀tọ́ orí orin tí ó ṣẹ̀dá, kò ṣaláìní ọdún. Àìrí ẹni gba owó rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Wàhálà yìí kì í ṣe ti ìbejì Lijadu nìkan, kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní Memphis ní Amẹ́ríkà, Sam Moore àti Dave Prater, tí ayé mọ̀ sí Sam and Dave, kọ orin ‘Hold On, I'm Comin'’ ní 1966 àti ‘Soul Man’ ní 1967 fún ilé iṣẹ́ Stax. Nígbà tí Stax àti Atlantic tú àjọṣe wọn ká ní 1968, Stax ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ìwé àdéhùn tí ọ̀gá wọn ti fọwọ́ sí láìkà á dáadáa ti gbé gbogbo ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún Atlantic. Bí ilé iṣẹ́ odindi bá lè pàdánù ohun ìní rẹ̀ nítorí ìlà díẹ̀ nínú ìwé, kí ni ọmọbìnrin ogún ọdún méjì yóò ṣe níwájú agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ àwo?

Nílé níhìn-ín, àwọn kan tètè la ojú. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba orin àpàlà, àti I. K. Dáírò dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ ní ọdún 1969. Hárúnà tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1979. King Sunny Adé bá ilé iṣẹ́ African Songs fa ọ̀rọ̀ àdéhùn ní àárín àwọn ọdún 1970, ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ olórin ńlá lẹ́yìn, wọ́n ní òde aríyá tí owó ti ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì jẹ́ ọkùnrin nínú iṣẹ́ tí ọkùnrin ń ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ìbejì Lijadu kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kì í kọrin kí olówó. Kò sí ẹni tó ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí lóde ìnáwó. Àwo nìkan ni oko wọn. Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń rí.

Kí ni ó yẹ kí Ìbàdàn ṣe kí ọdún 2026 tó parí? Kì í ṣe ère ni a ní kí wọ́n gbẹ́, kì í sì í ṣe òpópónà ni a ní kí wọ́n fi sọrí wọn. Ohun mẹ́ta tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Èkíní kan àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ rédíò ìlú náà sì ti pọ̀ lónìí kọjá ti Radio Nigeria tó wà ní Dùgbẹ̀ àti BCOS ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí wọ́n máa lu orin àwọn ìbejì náà, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn lù ú. Owó kì í dé ọ̀dọ̀ olórin bí kò bá sí àkọsílẹ̀. MCSN, ẹgbẹ́ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa gba owó orin, kò lè pín ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá ń lu orin ọmọ ìlú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn tí ‘Cashing In’ ń bá wí.

Èkejì kan Yunifásítì Ìbàdàn. Láti Òjòó, ọkọ̀ akérò kan péré ló dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní òfin, ibẹ̀ sì ni Ibùdó Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà wà láti ọdún 1962. Àwo àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àti lórí àjà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Mọ́kọ́lá, ní Òkè-Àdó, ní Bódìjà. Ìwé àdéhùn àtijọ́ náà wà níbẹ̀, tí ikán ń jẹ. Kí yunifásítì pe àwọn ẹbí láti kó wọn wá, kí wọ́n da àwo kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ka ìwé náà fún ẹni tó ni ín, kí ó lè mọ ohun tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ohun a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin lónìí, nítorí àtijọ́ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní àyíká Òjòó àti Agbówó, iyàrá kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan àti kọ̀ǹpútà kan ti tó láti di ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń kọrin níbẹ̀ lóru, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà a sì sọ fún un pé kó má ṣe ìyọnu owó, pé àwọn yóò jọ pín in bó bá di ńlá. Kò sí ìwé. Bí ìwé bá sì wà, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló kà á. Kí ọmọ yẹn tó ya ẹnu rẹ̀ kọrin, ìbéèrè méjì ló yẹ kó bi: ta ni yóò ni ohùn yìí, ta ni yóò ni orin yìí? Bí wọ́n bá fún un ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè méjèèjì, kó dìde nílẹ̀.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìbejì ṣeré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, a máa ń gbẹ́ ère fún un. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, bó bá sì ti ń fún èyí tó wà láàyè lóúnjẹ, a máa fún ère náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyí ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun lónìí. Wọ́n ń nù wọ́n mọ́, wọ́n gbé wọn sínú gíláàsì, wọ́n tan iná sí wọn kí àlejò lè rí wọn dáadáa. Kò sí ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ.

Ohùn Kẹ́hìndé Lijadu kò ní parun mọ́. Àwọn ará New York, London àti Chicago ti rí sí ìyẹn. Ohun tó kù ni pé kí owó orin náà máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ó sì máa ti Ìbàdàn lọ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá da ‘Danger’ kọ ní Òjòó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027, tí ọmọkùnrin tó jókòó lábẹ́ agboòrùn sì ń gbé e sórí fóònù àwọn èrò Ọ̀yọ́, ohun rere ni, nítorí àwọn tó yẹ kó mọ orin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi í pa owó, kó rántí pé àwo nìkan ni òfin fún òun. Ó jẹ orin lówó.